Àbúrò bàbá àgbà mi lọ sógun Bọ́mà, kò padà wálé. Níbo ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí?

Ọmọ_Ìkìjà (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀) · Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù kìíní, 8:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun.

Láàárọ̀ yìí, mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ọdún 86 ni wọ́n. A jọ ń wo bí wọ́n ṣe ń fi òdòdó lélẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn: wọ́n fọn fèrè, wọ́n yìnbọn sókè, wọ́n tú ẹyẹlé sílẹ̀, àwọn bàbá Líjọ́ọ̀nù dúró nínú oòrùn pẹ̀lú mẹ́dà láyà wọn. Màmá wò ó títí, wọ́n wá ní: "Ta ni wọ́n ń kó gbogbo òdòdó yìí fún? Wọn ò kúkú pe orúkọ ẹnì kankan."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n rí oúnjẹ jẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Bàbá àgbà mi àti àbúrò wọn jọ wọ sójà nígbà ogun Hítílà. Láfẹ́nwá ni àwọn méjèèjì ti wọ rélùwéè lọ́jọ́ kan náà. Bàbá àgbà padà dé ní 1946. Àbúrò wọn kò dé. Bọ́mà ló kú sí, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Ìwé kan ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, akọ̀wé kan ní Aké ló bá wọn kà á. (Ẹ má bínú pé mò ń sọ "ó" fún un. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é ni màmá ṣe kọ́ mi. Ọmọ ọdún 22 ló ṣì jẹ́ lẹ́nu gbogbo wa.)

Nígbà tí bàbá àgbà dé, tí wọ́n kí ara wọn tán, ohun tí ìyá wọn kọ́kọ́ béèrè ni: "Irun rẹ̀ dà? Èékánná rẹ̀ dà?" Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí ìyá ń béèrè. Láyé àwọn bàbá wa, bí jagunjagun bá kú sọ́nà jíjìn tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé, àwọn tó bá a lọ ló máa gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wálé, kí àwọn ará ilé lè rí nǹkan sin. Bàbá àgbà kò mú nǹkan kan bọ̀, nítorí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pín àwọn méjèèjì sí. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá náà tún lò láyé. Kò gbà kí wọ́n ṣe òkú ọmọ yẹn. Ní alaalẹ́, màmá ní, ó máa ń bu oúnjẹ sínú àwo kan, á fi ìdérí dé e, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà.

Mẹ́dà bàbá àgbà wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ni, Burma Star, tẹ́ẹ́pù rẹ̀ ní àwọ̀ aró, pupa wà láàárín rẹ̀, àwọ̀ ọsàn sì wà lápá méjèèjì. Mo yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ dán bọ̀rọ́, kò sórúkọ kankan níbẹ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: ní gbogbo ayé yìí, ǹjẹ́ ibì kan wà tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ yẹn sí? Màmá fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó lọ.

Adé_Láfẹ́nwá · 8:34 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, omi bọ́ lójú mi níbi àwo yẹn. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Mo máa wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 9:02 alẹ́

Ọmọ mi, o káre tí o béèrè. Ìtàn ni mo fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ní ti mẹ́dà, ẹnikẹ́ni kọ́ ló pa orúkọ rẹ́ níbẹ̀. Ọmọ ogun Íńdíà, Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà rí orúkọ tiwọn lẹ́yìn ìràwọ̀ wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sẹ́yìn èyí tí wọ́n fún àwọn sójà tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa ṣe wá.

Dífísọ̀n méjì ni wọ́n kó jọ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1943, láti lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà ní Bọ́mà. Ìkọkànlélọ́gọ́rin ni ti àkọ́kọ́, aláǹtakùn ni àmì apá wọn. Ìkejìlélọ́gọ́rin tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ará Gánà, Sierra Leone àti Gáḿbíà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àfonífojì Kaladan ni 81 gbà wọ ìpínlẹ̀ Arakan. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi la ọ̀nà máìlì 75 já àwọn òkè, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọ̀nà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ òfurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, àwọn aláàárù á sì rù ú lórí tẹ̀lé àwọn tó ń jà. Bí ènìyàn bá rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ru ẹrù lọ sọ́jà Ìtòkú, orí kan náà ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn wà lára àwọn Chindit tí wọ́n kó sẹ́yìn ọ̀tá nínú igbó ní 1944.

Kí ìwọ fúnra rẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: báráàkì Arakan wà ní Àpápá, Dodan wà ní Ìkòyí, Letmauk wà ní Ìbàdàn. Orúkọ ibi tí wọ́n ti jà ní Bọ́mà ni gbogbo rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni a ń pe orúkọ ibẹ̀. Orúkọ àwọn tó kú síbẹ̀ ni a kì í pè.

Ohun tí ìyá yín ṣe pẹ̀lú àwo yẹn kì í ṣe àìmòye o. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, fara gbọta lórúnkún ní Kaladan ní 1944. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan tó ń jẹ́ David Kargbo ṣẹ́ kù sínú igbó lẹ́yìn àwọn ọ̀tá. Àgbẹ̀ kan ní abúlé, Shuyiman, Mùsùlùmí, ló gbé wọn pamọ́ tó sì bọ́ wọn fún bí oṣù mẹ́sàn-án. Fadoyebo padà wálé, ó dàgbà, ó di arúgbó, ní 2012 ló tó kú. Ìyá tó bá gbọ́ irú èyí, ṣé kò ní bu oúnjẹ sílẹ̀?

Nísinsìnyí, ìdáhùn ìbéèrè rẹ. Ibì kan wà. Ní Taukkyan, ìta ìlú Yangon, itẹ́ òkú ogun kan wà tó ní ibojì tó lé ní 6,000. Láàárín rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó gígùn méjì sí, tí wọ́n ń pè ní Ìrántí Rangoon. Bí 27,000 orúkọ ló wà lára àwọn òpó yẹn, ti àwọn tó kú ní Bọ́mà tí wọn kò mọ ibojì wọn. Bí ọmọ wa kò bá ní ibojì, ibẹ̀ ló yẹ kó wà.

Owó_Orí_1918 · 9:41 alẹ́

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀dùn ọkàn yín, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ tèmi. Ogun òyìnbó ni ogun Bọ́mà. Ọba wọn ló pè wọ́n lọ. Ẹ̀gbá ní òkú ogun tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi òdòdó kan lé lórí. Ní 1918, nígbà tí Lugard fi owó orí lé wa lórí, àwọn bàbá wa dìde ní gbogbo oko Ẹ̀gbá. Wọ́n tú ojú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà. Ogun Àdúbí nìyẹn. Àwọn tó jáde lé ní ọ̀kẹ́ kan, ìbọn ṣakabùlà àti àdá ni wọ́n mú dání síwájú ìbọn arọ̀jò-ọta. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló kú. Ìran tèmi wà nínú wọn. Ibo ni òpó tiwọn wà? Ṣé ojú ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀ ni, àbí Wásimi? Kí a tó lọ wá orúkọ ní Myanmar, ẹ jẹ́ kí a wá ti inú oko wa.

Sójà_Tẹ́lẹ̀ · 10:05 alẹ́

Owó_Orí, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 22 tó kú sínú igbó kò jẹ̀bi Lugard.

Báráàkì Àlámálà ni mo ti fẹ̀yìn tì. Mo lọ sí Làìbéríà pẹ̀lú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, mo mọ ohun tí orúkọ jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pa ọ̀rẹ́ mi, sájẹ́ǹtì wa ń pe orúkọ lórí ìlà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń pè é. Kò tíì sí ẹni tó fagi lé orúkọ ọ̀rẹ́ mi nínú ìwé. Ó pè é. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún pè é. Ó gbójú sókè, ó rí ojú wa, ó wá yé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, jẹ́ẹ́jẹ́, ó ti ìwé náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ń fọn fèrè ní 15 oṣù kìíní, ìpè ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Fún àwọn ọmọdé tó ń ka èyí: 11 oṣù kọkànlá ni à ń ṣe é tẹ́lẹ̀, bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ọjọ́ yẹn ni ogun Jámánì àkọ́kọ́ parí ní 1918. A gbé e sí 15 oṣù kìíní nítorí ọjọ́ yẹn ní 1970 ni ogun abẹ́lé tiwa parí. Nítorí náà, ẹni tó bá ra báàjì ìrántí lọ́wọ́ bàbá Líjọ́ọ̀nù, gbogbo ogun yẹn ló ń rántí pọ̀.

Ẹ̀gbá_Brixton · 11:17 alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. London ni mo wà, ṣùgbọ́n Ìjàyè ní Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ní Windrush Square níhìn-ín ní Brixton, wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ ní 2017 fún àwọn sójà Áfíríkà àti Karibíà tó ja ogun àgbáyé méjèèjì. Òpó òkúta méjì ni, dúdú. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́. Nítòsí ààfin ọba, ẹnu ọ̀nà olópòó mẹ́rin kan wà tí Ọbabìnrin Elizabeth ṣí ní 2002, ti àwọn ọmọ Íńdíà àti àgbègbè rẹ̀, Áfíríkà àti Karibíà tó sìn nínú ogun méjèèjì, mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn. Inú mi dùn sí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, orúkọ ọmọ yín kò sí nínú méjèèjì. Orúkọ ilẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni wọ́n kọ, kì í ṣe ti ènìyàn; orúkọ ènìyàn díẹ̀ tó wà níbi èkejì, ti àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ ni.

Ibi tó yí mi lọ́kàn padà ni Ieper ní Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n ń pè é ní Menin Gate. Ẹnu odi ìlú ni, bíi ti Aró tiwa láyé ijọ́un, ọkọ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ara ògiri rẹ̀, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, orúkọ ni gbogbo rẹ̀: ó lé ní 54,000, ti ogun àkọ́kọ́, àwọn tí wọn kò rí òkú wọn sin. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ dúró. Àwọn panápaná ìlú náà bọ́ sáàárín títì, wọ́n fọn fèrè. Láti 1928 ni wọ́n ti ń ṣe é lálaalẹ́, àfi ìgbà tí Jámánì gba ìlú náà. Mo bèèrè lọ́wọ́ bàbá kan ìdí tí wọn kò fi ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ó ní, àwọn ọmọ yìí kò kú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ọmọ_Ìkìjà · 11:40 alẹ́

Mo ka èyí fún màmá. Wọ́n ní kí n tún un kà.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ẹtì, 6:48 àárọ̀

Mi ò sùn dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ Owó_Orí_1918. Òótọ́ ló sọ, ó sì yẹ kí a gbé e wò dáadáa.

Títí di 1914, Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀. Lọ́dún yẹn ni wọ́n yìnbọn pa àwọn ènìyàn ní Ìjemọ̀, tí òyìnbó fi gba ìjọba lọ́wọ́ wa. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Ogun Àdúbí. Ohun tó sì dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé àwọn sójà Nàìjíríà tí wọ́n kó wá pa iná ogun yẹn, ṣẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ti ìlà oòrùn Áfíríkà dé, níbi tí wọ́n ti lọ bá Gẹ̀ẹ́sì ja Jámánì. Ọmọ dúdú tó ti fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ Tanganyika, tó ti rí ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni wọ́n fi ìbọn lé lọ́wọ́ kó dojú kọ àgbẹ̀ Ẹ̀gbá.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ṣe sí àwọn méjèèjì. Àgbẹ̀ kò ní òkúta. Ọ̀pọ̀ sójà àti aláàárù yẹn pẹ̀lú kò ní òkúta. Ní 2021, àjọ tó ń tọ́jú ibojì ogun fún àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth gbé ìwádìí jáde nípa ara wọn. Láti 1917 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni òfin wọn ti jẹ́ pé ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, olówó àti tálákà, ọgbọọgba ni òkú yóò jẹ́. Ìwádìí náà fi hàn pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn, ó sì ṣeé ṣe kí ó tó 350,000, tó kú nínú ogun àkọ́kọ́ ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Àwọn ará ìlà oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Gómìnà Gold Coast (Gánà báyìí) nígbà náà, Guggisberg, ti sọ pé ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ kò ní mọ ìtumọ̀ òkúta orí ibojì. Àwa tí à ń sin irun àti èékánná kí ó má bàa di pé a kò sin ẹnì kan!

Owó_Orí, ọmọ mi, a kò níláti yan ọ̀kan. Mo wà pẹ̀lú rẹ lórí òpó Ogun Àdúbí. Bí o bá ní àkójọ orúkọ ní ìdílé yín, mú un wá, èmi náà á lọ bá àwọn olóyè.

Owó_Orí_1918 · 7:30 àárọ̀

Ẹ ṣé, bàbá. Orúkọ mẹ́rin ló wà lẹ́nu ìdílé wa. Mo máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará Òwu àti Òkè-Ọnà bóyá wọ́n mọ tiwọn.

Ẹ̀gbọ́n Ìkìjà, ẹ má bínú sí ohùn mi lánàá.

Ọmọ_Ìkìjà · 7:36 àárọ̀

Kò sí ìbínú rárá. Orúkọ náà ni àwa méjèèjì ń wá.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Lyon · 1:15 ọ̀sán

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi ti Faransé kún un. Chasselay wà lẹ́bàá Lyon níbi tí mò ń gbé. Ní oṣù kẹfà 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì kó àwọn sójà Faransé tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ níbẹ̀, wọ́n ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn dúdú nínú pápá. Ọkùnrin Faransé kan, Jean Marchiani, ló ń wá òkú wọn kiri ní abúlé dé abúlé. Ó kó wọn jọ, ó mọ odi yí wọn ká, wọ́n ṣí i ní 1942, nígbà tí Jámánì ṣì wà nílẹ̀ Faransé. Ibojì 196 ló wà níbẹ̀.

Ohun tó mú mi jókòó sílẹ̀ ni àwọ̀ odi náà. Pupa ni, bí ilé alámọ̀ tiwa, pẹ̀lú igi tó yọrí jáde lára ògiri. Wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé iyẹ̀pẹ̀ wá láti Dakar ní Senegal, wọ́n pò ó mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀, kí àwọn ọmọ yẹn lè sùn sínú ilẹ̀ ilé wọn. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ irun àti èékánná, mo ní, ohun kan náà ni: bí òkú kò bá lè wálé, ilé á lọ bá a.

Adé_Láfẹ́nwá · 4:52 ìrọ̀lẹ́

Mo ti wà nídìí rẹ̀ láti àná. Àjọ tí Bàbá Tíṣà sọ yẹn ní ìwé orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Mo fi orúkọ ìdílé wá a, mi ò rí nǹkan kan. Mo fi orúkọ àbísọ, mi ò rí i. Ó ti ń sú mi.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 5:20 ìrọ̀lẹ́

Adé, dáwọ́ orúkọ ìdílé dúró. Ọ̀pọ̀ sójà Nàìjíríà láyé ìgbà yẹn, akọ̀wé ológun kì í béèrè orúkọ bàbá. Orúkọ ènìyàn àti ti ìlú rẹ̀ ló máa kọ sílẹ̀. Musa tó wá láti Kánò, Musa Kano ni wọ́n máa pè é títí ogun fi máa parí. Fi Abeokuta ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Kí o sì máa kọ orúkọ kìíní bí etí òyìnbó ṣe máa gbọ́ ọ.

Adé_Láfẹ́nwá · 6:03 ìrọ̀lẹ́

BÀBÁ! Mo rí i! Mẹ́ta ni wọ́n!

Ẹ̀gbọ́n, àwọn mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí ìlú wọn jẹ́ Abeokuta, tí wọ́n kú láàárín 1944 sí 1945, tí gbogbo wọn sì wà lára Ìrántí Rangoon. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Nọ́ńbà ológun nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, NA ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ṣé ìwé ìjọba yẹn ṣì wà?

Ọmọ_Ìkìjà · 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ó yẹ kó wà nínú àpótí màmá. Mò ń lọ síbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ìyá_Aláró · 6:44 ìrọ̀lẹ́

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mi ò sọ nǹkan kan nítorí mi ò mọ̀ nípa ogun. Adìrẹ ni mo mọ̀. Ìtòkú ni mo wà, iṣẹ́ ìyá mi ni, iṣẹ́ ìyá-ìyá mi ni.

Ọmọ mi obìnrin ti dé ibi òkúta dúdú àwọn Amẹ́ríkà ní Washington, ti àwọn tó kú ní Vietnam. Ó ní ọmọbìnrin tí kò ju ọdún 21 lọ, Maya Lin, ló ya àwòrán bó ṣe máa rí nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Orúkọ tó lé ní 58,000 ló wà lára rẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn máa ń gbé pépà lé orúkọ ẹni wọn, wọ́n á fi pẹ́ńsù fín in títí orúkọ náà á fi jáde sórí pépà, wọ́n á ká a, wọ́n á mú un lọ sílé. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ti ń rò ó: iṣẹ́ tiwa nìyẹn náà. Ibi tí a bá fi ẹ̀kọ bò, aró kò ní lè wọ̀ ọ́.

Ní 1935 tí ọba òyìnbó pé ọdún 25 lórí oyè, George Karùn-ún, àwọn ìyá wa ya òun àti ayaba rẹ̀ sórí adìrẹ. Wọ́n ń pe aṣọ náà ní Olọ́ba. Wọ́n ta á gan-an, ọ̀kan ṣì wà nínú àpótí mi. Ọmọ ọba yẹn, George Kẹfà, ni àwọn ọmọ wa lọ jà fún. A ti ya bàbá rẹ̀ sáṣọ. Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ìkìjà, tí ẹ bá ti mọ èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ sọ fún mi.

Sójà_Tẹ́lẹ̀ · 6:50 ìrọ̀lẹ́

Màmá, ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an.

Ọmọ_Ìkìjà · 9:28 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe lọ.

Ìwé náà wà lábẹ́ àwọn ìró ìyá àgbà, nínú agolo bísíkíìtì. Ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lọ. Wọ́n fi tápíráìtà tẹ̀ ẹ́. Orúkọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ níbi tí wọ́n ti ká a. Nọ́ńbà rẹ̀ gé sí méjì lójú ibi tí ikán dé. NA hàn, nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀lé e ti lọ, méjì tó gbẹ̀yìn hàn kedere: 4 àti 7. Mo ka àwọn mẹ́ta tí Adé fi ránṣẹ́. Ọ̀kan parí sí 12. Ọ̀kan parí sí 90. Èkẹta parí sí 47.

Mo sọ fún màmá pé a ti rí i. Mo fi fóònù hàn wọ́n, mo fi ìka tẹ orúkọ náà. Wọn ò mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí A ṣe rí. Wọ́n fi ọwọ́ kan gíláàsì náà, ó yí kúrò lójú ibẹ̀, wọ́n ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Wọ́n wá pe orúkọ rẹ̀ sókè, gbogbo rẹ̀, orúkọ àbísọ, oríkì, ti bàbá rẹ̀ àti agbo ilé, títí wọ́n fi kan Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré lágbàlá dákẹ́.

Wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé kí n kó gbogbo ẹbí jọ. Ìsìnkú la fẹ́ ṣe. Mo bèèrè ohun tí a máa sin. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Ìyá_Aláró · 9:55 alẹ́

Ẹ fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà lẹ́nu màmá, pẹ̀lú oríkì rẹ̀ àti nọ́ńbà ológun rẹ̀. Kí ẹ bá mi fi àmì sórí gbogbo rẹ̀, kí n má ṣì í kọ.

Ìyá_Aláró · Sátidé, 5:37 àárọ̀

Ọmọ mi, ó ti parí.

Láfún àti álọ́ọ̀mù ni mo sè ní òru, mo sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kó má ní kókó. Ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ọmọ ìka. Orúkọ rẹ̀ ló wà láàárín, oríkì rẹ̀ lókè, nọ́ńbà nísàlẹ̀. Mo yí aláǹtakùn ká etí aṣọ náà, nítorí ohun tí Bàbá Tíṣà sọ. Bí kò bá jẹ́ dífísọ̀n tirẹ̀, ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wọ inú aró lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó wà lórí okùn, ẹ̀kọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó dúdú látòkè délẹ̀, ẹ kò tíì lè kà á.

Ẹ má jẹ́ kí n há a. Kí màmá fi ọwọ́ ara wọn há ẹ̀kọ náà kúrò níwájú ẹbí, abẹ́ ẹ̀kọ ni orúkọ rẹ̀ wà. Mo ti wọ mọ́tò, mo máa dé Ìkìjà kí aago méje tó lù.